Sátidé Mọ́kàndínlógún ní Naxos, Láìwọ Ọkọ̀ Òkun

Kàlẹ́ńdà ara fíríìjì wa ni ẹlẹ́rìí mi. Sátidé tí a bá ti "lọ sí Naxos", Tómi á fi bírò búlúù ya ọkọ̀ òkun kékeré kan síbẹ̀. Mo kà wọ́n lálẹ́ àná: mọ́kàndínlógún, nínú Sátidé 52. Àwọn tó kù, ṣíìfù ló jẹ òmíràn, òde ìyàwó jẹ òmíràn, ọ̀lẹ ló jẹ ìyókù.

Àjọ tí mo kó lọ́dún tó kọjá la fi lọ sí erékùṣù Naxos ní ilẹ̀ Gíríìkì, ọjọ́ mẹ́jọ péré. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe Pátímọ́sì tí wọ́n lé Jòhánù lọ nìyẹn?" Mo ní rárá o, Màmá, òkun kan náà ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lé wa, àwa la sanwó. Lọ́dún yìí, owó ìwé ìgbélùú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé àjọ mì. Ní oṣù Kìíní, mo bá ní bí a ò bá lè lọ sí Naxos, Naxos á wá bá wa nílé, ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí bákónì wa ti dojú kọ ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, torí ibẹ̀ lowó bá lọ. Mo ra aṣọ tábìlì onílà búlúù. Mo ra àwo tí wọ́n ya ẹja sí. Mo ra òdòdó bougainvillea oníke. Èyí tó bo fẹ́ǹsì ilé mélòó kan n'Íbàdàn tí ẹnì kan kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, òun lèmi ń fi pọ́n-ùn 14 ra oníke rẹ̀! Mo wá kun ògiri bákónì ní funfun, mo fi búlúù tọ́ etí rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé: kí a dá a padà sí àwọ̀ eérú tí a bá a. Bàbá Tómi ló kun ún padà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi parí.

Búlúù yẹn ló dùn mí jù. Ìyá àgbà tí a wọ̀ sílé wọn ní Naxos ti sọ fún wa, ọmọ wọn ló ń túmọ̀, pé kí ọ̀dà alágolo tó gbòde, ẹfun ni wọ́n fi ń kun ilé, tí wọ́n bá sì fẹ́ àwọ̀ fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, búlúù ìfọṣọ ni wọ́n ń bù sínú ẹfun náà. Loulaki ni wọ́n ń pè é. Búlúù ìfọṣọ! Ìyá mi àgbà l'Ábẹ́òkúta kì í fọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì láìfi búlúù sómi. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n dì í sínú àkísà kí n tó tì í bọ omi, kó má baà ṣe àbàwọ́n sáṣọ lára. Gbogbo fọ́tò erékùṣù tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí, n ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú báàfù ìyá mi àgbà ni mò ń wò.

Oúnjẹ ni kò já wa kulẹ̀. Sàláàdì wọn, horiatiki, kò ní ewé kankan nínú: tòmátì, kùkúḿbà, àlùbọ́sà, tàtàṣé tútù, èso ólífì, wọn á wá gbé wàràkàṣì feta odindi lé e lórí bí ẹní gbé fìlà lé orí ọkọ ìyàwó, òróró ólífì àti oregano á tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe rún feta yẹn o. Ẹni tó ń jẹun ni yóò fi fọ́ọ̀kì já a. Láti 2002 ni òfin Yúróòpù ti sọ pé ti ilẹ̀ Gíríìkì nìkan ló ń jẹ́ feta, mílíìkì àgùntàn sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 70 nínú 100, ó kéré tán. Ti màlúù olówó pọ́ọ́kú tí mo kọ́kọ́ rà, bíi ṣọ́ọ̀kì ló rí lẹ́nu. Tòmátì náà, ẹ má fi sí fíríìjì. Ojú fèrèsé ni kó wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Tómi jẹ ẹ́ tán nígbà àkọ́kọ́, ó béèrè pé oúnjẹ gan-an ńkọ́. Ní oṣù Kẹfà, òun náà ló ń fi búrẹ́dì nu omi tòmátì àti òróró nídìí abọ́, ata gígún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kítópọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó. Sálúbàtà ni mo sè.

Ohun tí n ò rò pé yóò ṣeé ṣe ló wá ṣeé ṣe jù. Ní Naxos, tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù á tì, ọ̀kadà á dákẹ́, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Tómi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá orò wà níta. Wọ́n ń sùn ni. Nílé wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó fóònù gbogbo wa sínú ìkòkò ọbẹ̀ láago mẹ́ta, a ó dé e, ó di márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń la ojú sílẹ̀ bí ẹní jalè, torí nílé tí mo ti dàgbà, aláìsàn ló ń sùn lọ́sàn-án. Ìgbà tó di oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ló ń jí mi. Màá wá bu kọfí lẹ́bú sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà àti omi tútù díẹ̀, màá mì ín títí yóò fi ru gùdù, bí ọkùnrin kan ṣe ṣe é nínú ìpàtẹ ọjà ní Thessaloniki lọ́dún 1957 nígbà tí kò rí omi gbígbóná.

Òfin kejì ni pé tí a bá jẹun alẹ́ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ palẹ̀ tábìlì mọ́. Lọ́hùn-ún, nílé oúnjẹ, ẹ lè jókòó di òru, wọn kì í sábà gbé ìwé owó oúnjẹ wá bí ẹ ò bá béèrè. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fọ àwo, mo jókòó lé e. Sátidé kan ní oṣù Keje, àwọn ọmọ ti sùn, aago mẹ́wàá ti lù, ojú ọ̀run ò tíì ṣú tán, Bàbá Tómi ń yí èso ólífì kan káàkiri àwo rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tómi, láti oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti dín wákàtí mi kù níbi iṣẹ́." Oṣù méjì gbáko! Mo bi í pé èéṣe. Ó ní ìgbà wo la máa ń jókòó. A ò dìde títí aago kan fi kọjá.

Atẹ́gùn ibẹ̀ ni n ò rí mú wá. Meltemi, tó máa ń fẹ́ láti àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń gba tíṣù lọ́wọ́ ẹni; fáànù ò lè ṣe é. N ò sì rí ìkòkò basil tí wọ́n ń gbé sẹ́nu ọ̀nà mú dúró, òtútù oṣù Kọkànlá pa á. Efinrin tí mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, mo ti gbé e wọlé, ó ṣì ń mí.

Lánàá, Màmá ní àwọn fẹ́ rí Naxos tí mò ń fi yangàn yìí. Mo gbé fóònù jáde sí bákónì: ògiri aláwọ̀ eérú, mọ́tò, òjò. Wọ́n wò ó títí. "Òkun rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kí Tómi tẹ ohùn tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń jẹun létí omi, ìṣẹ́jú kan tí kò pé: ìgbì, fọ́ọ̀kì lára àwo, bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nǹkan kan ró gbàgà.

Màmá ní, "Ta ló fọ́ ife yẹn?"