Ọjọ́ Kan Ní Santorini: Èbúté Ló Ń Jẹ Àkókò Yín

Bí ọkọ̀ ojú omi afẹ́ bá sọ pé wákàtí mẹ́jọ lẹ ní ní Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì, ẹ yọ bíi mẹ́ta kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pète ohun tí ẹ fẹ́ rí. Gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ó sì ń dunni pé nígbà tí wọ́n bá ń gbowó, kò sẹ́ni tó ń la ọ̀rọ̀ yìí yé èrò.

Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ èbúté Fira, olú ìlú erékùṣù náà. Òkè oníná ló bú níbẹ̀ ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, àárín erékùṣù náà rì, òkun sì ya wọ ibẹ̀. Jíjìn omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 400, ìdákọ̀ró kò rílẹ̀ gún. Nítorí náà, ojú omi ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó èrò lọ sí èbúté àtijọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Àwọn tó ra ìrìn ojúmọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó, Athinios, èbúté mìíràn, ni wọ́n sì ń gbé wọn lọ, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá rìn, nọ́ńbà tí ẹ ó fi wọ ọkọ̀ kékeré lẹ ó gbà. Ẹ gbà á kí ẹ tó jẹun àárọ̀. Ẹni tó bá jẹun tán kó tó wá, àwọn èrò ti tò dè é lókè. Lóṣù keje àti oṣù kẹjọ, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní meltemi lè le débi pé wọ́n á fagi lé gbogbo ẹ̀.

Láti èbúté dé Fira, òkè náà ga ju mítà 200 lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ọkọ̀ orí wáyà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti ẹsẹ̀ yín. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ orí wáyà ti ń ṣiṣẹ́. Àgọ́ mẹ́fà ló so kọ́ra, èèyàn mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 36 lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń gbà dókè, ó sì tuni lára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó wò: bí ọkọ̀ afẹ́ kan bá kó 3,000 èrò wá, ìgbà 84 ni wáyà yẹn gbọ́dọ̀ lọ kí gbogbo wọn tó gòkè tán. Bí ọkọ̀ mẹ́ta bá dé pọ̀ ńkọ́? Láti 2025 ni wọ́n ti ní èrò ọkọ̀ afẹ́ kò gbọdọ̀ ju 8,000 lọ lójúmọ́. 8,000 náà ṣì pọ̀ jù fún ọ̀nà tó rí báyìí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí 20 yúrò lórí èrò kọ̀ọ̀kan lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa tò sínú oòrùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sílẹ̀. Láti 2018 ni òfin ti ní ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 100 lọ, tàbí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ń gbà gòkè yẹn le fún ẹranko nínú ooru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, físà Schengen lẹ nílò, bí ẹ tilẹ̀ ń gbé London. Bí ọkọ̀ yín yóò bá yà sí Túrkì kó tó padà wọ Gíríìsì, ẹ béèrè físà tó gba wíwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí ẹ bá gòkè tán, ẹ má bá ogunlọ́gọ̀ lọ sí ìlú kékeré Oia. Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ ojú pópó rẹ̀ há, ìwọ̀ oòrùn tí wọ́n ń pọ́n sì máa ń kọjá aago mẹ́jọ alẹ́ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti pe èrò rẹ̀ padà nígbà yẹn. Akrotiri, ìlú àtijọ́ tí wọ́n wú jáde, ni kí ẹ lọ. Ibùdókọ̀ Fira ni gbogbo bọ́ọ̀sì ti ń gbéra, ẹ ò lè ti Akrotiri lọ tààrà sí Oia. Ẹ di owó wẹ́wẹ́ mọ́wọ́ fún kọ̀ńdọ́.

Ní Akrotiri, inú á dùn. Odindi ìlú ni eérú òkè oníná bò, tí Spyridon Marinatos bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde ní 1967. Ilé alájà méjì àti mẹ́ta ṣì dúró, ìkòkò ràgàjì wà nínú yàrá, ọ̀nà omi ìdọ̀tí sì gba abẹ́ ìgboro kọjá. Wọn kò bá òkú èèyàn nínú ilé wọ̀nyẹn: àwọn ará ìlú ti fura, wọ́n ti sá. Ní 2005 òrùlé ibẹ̀ wó, 2012 ni wọ́n tó ṣí i padà. Òrùlé tuntun yẹn ló fún yín ní ibòji. Àwòrán ara ògiri kò sí níbẹ̀ mọ́ o, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fira àti ti Áténì lẹ ti máa rí wọn.

Oúnjẹ tó yẹ kí ẹ béèrè ni fáfà. Ẹni tó bá mọ gbẹ̀gìrì á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè títí ó fi kúnná, òróró ólífì lórí, àlùbọ́sà tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò láta, ó sì dùn. Ẹja ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ti kílò kan ni, kì í ṣe ti àwo. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín kí wọ́n tó yan án. Bí wọn kò bá fún yín ní rìsíìtì, òfin Gíríìsì ní kò di dandan kí ẹ sanwó. Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé oúnjẹ gan-an.

Nígbà tó bá ku wákàtí méjì kí ọkọ̀ kékeré ìkẹyìn gbéra, kí ẹ ti wà ní Fira. Ẹ wo ìlà ọkọ̀ orí wáyà. Bó bá ti yí kọ̀rọ̀ kọjá, ẹ fẹsẹ̀ sọ̀: àtẹ̀gùn náà lé ní 580, ìṣẹ́jú 25 tàbí 30 tó. Òkúta rẹ̀ ti dán, ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì mú un yọ̀, nítorí náà bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Bí àwọn ẹranko bá ń bọ̀, ẹ fara ti ògiri, ẹ má dúró létí ọ̀gbun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá.