Aṣọ Ara Ògiri Ọba Henry

Sátidé. Òjò ò jẹ́ n dé ọjà láàárọ̀, ni mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, ó di ààfin Hampton Court. Ọdún kẹfà mi rèé ní Lọ́ńdọ̀nù, n ò débẹ̀ rí.

Aṣọ tí Ọba Henry Kẹjọ fi bo ògiri ló dá mi dúró. Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, Brussels ni wọ́n ti hun ún lẹ́yìn ọdún 1540, ìtàn Ábúráhámù ló wà lára wọn. Ọba tó wá ọmọkùnrin títí, tó torí ẹ̀ kọ ìyàwó, tí Edward ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ní 1537! Ẹni tó bá jókòó jẹun lábẹ́ aṣọ yẹn, kò ní í sọ pé kí wọ́n túmọ̀ Ísáákì fún òun.

Òwú tí wọ́n fi wúrà àti fàdákà wé wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ́ Ọba Charles Kìíní lórí ní 1649, tí wọ́n ń díye lé ẹrù rẹ̀, pọ́n-ùn 8,260 ni wọ́n pe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àwòrán Raphael, ayàwòrán ará Ítálì, èyí tó wọ́n jù níbẹ̀, 2,000 péré. Cromwell tó gba ìjọba lẹ́yìn náà, tí kò fẹ́ ọba, kò jẹ́ kí wọ́n tà á. Ó gbé e sílẹ̀ fún ara ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo sún mọ́ ọn, àwọ̀ ti ṣá, wúrà ti dúdú. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ pé ẹ̀yìn aṣọ ni àwọ̀ ṣì tàn dáadáa. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló kọjú sí àwọn ahunṣọ nígbà tí wọ́n ń hun ún, àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ lé wà lábẹ́ òwú. Èyí tó dára jù wá kù sọ́dọ̀ wọn, ojú tí ọba sanwó fún ló ṣá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, tó fi òfì tọ́ wa. Aṣọ tiwọn kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kí wọ́n tó rán an pọ̀. Eléyìí ga tó mítà márùn-ún. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n dá a sí hun, ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó tira wọn nídìí òfì kan. Ohùn bàbá mi dé lórí WhatsApp:

"Ó dáa. Ta ló wá ń fọ̀ ọ́?"

Mo ní wọ́n kọ́ ibi ìfọṣọ fún un sínú ààfin. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín títí ohùn fi tán.