Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Owó Orí Pẹ́ńṣàn Òkèèrè Tí A Gbà Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ fẹ̀yìn tì ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ wá ń gbé Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ìmọ́ta níhìn-ín ní agbègbè Ìkòròdú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn fi ránṣẹ́ sí yín. Pé Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó orí lórí owó kan kò sọ pé Èkó náà ti yọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀.

Òfin Ìlú Ọba gbà kí ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́ńṣàn iṣẹ́ tàbí ti àdáni láìsan owó orí, bí kò bá ti ju £268,275 lọ lápapọ̀. Òfin ọ̀hún nìyẹn. Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, ń wo gbogbo owó tó wọlé fún ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ yìí, ibi yòówù kó ti wá. Bí ẹ bá ní ilé tí ẹ ń gbé níbí, tàbí tí ẹ lo ọjọ́ 183 láàárín oṣù 12, ó kàn yín. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n san lábẹ́ Pension Reform Act, òfin pẹ́ńṣàn Nàìjíríà, ni òfin yọ sílẹ̀, pẹ́ńṣàn tí ẹ kó jọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì sí lábẹ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé owó orí yín, ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ìwé ti gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yọ lẹ́yìn.

Ti Ìlú Ọba ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí owó tí wọ́n ń yọ lọ́hùn-ún sábà máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gba owó, ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn á ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé iye yẹn ni ẹ ó máa gbà lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé £20,000 ni gbogbo owó yín, tí ẹ kó o tán lẹ́ẹ̀kan. £5,000 bọ́ lọ́wọ́ owó orí, ó ku £15,000. Ìdá kan nínú méjìlá £12,570 tí wọn kì í gba owó orí lé lórí lọ́dún kan nìkan ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún yín, ni wọn yóò bá yọ owó orí tó lé ní £5,000. Bẹ́ẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Ìlú Ọba tí kò ní owó mìíràn tó ń wọlé níbẹ̀, £486 péré ló yẹ kó san. Ìyókù kò ní padà fúnra rẹ̀ kíákíá, ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó kó gbogbo owó tán tí kò sì ní owó mìíràn yóò lo fọ́ọ̀mù P50Z. Ẹni tó kó o tán ṣùgbọ́n tó ní owó mìíràn yóò lo P53Z. Ẹni tó mú díẹ̀, tó fi ìyókù sílẹ̀, tí kò sì ní mú òmíràn lọ́dún náà, P55 ni tirẹ̀. Ọgbọ́n tó dín wàhálà yìí kù ni kí ẹ kọ́kọ́ gba owó kékeré, kí HMRC, àjọ owó orí Ìlú Ọba, fi kóòdù owó orí tó tọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gba èyí tó pọ̀.

Kí ló kan Èkó nínú èyí? Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yọ owó orí tí ẹ ti san lọ́hùn-ún kúrò nínú ti ibí, iye tí ẹ san gangan ni wọn yóò wò, kì í ṣe iye tí wọ́n ṣì máa dá padà fún yín. Ẹni tó bá kọ owó orí £5,000 tí wọ́n kọ́kọ́ yọ sínú ìwé Èkó, tí HMRC wá dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ padà, ìwé rẹ̀ méjèèjì kò ní bára mu mọ́.

Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ní àdéhùn kan láti ọdún 1987 lórí gbígba owó orí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka abala pẹ́ńṣàn inú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù DT-Individual ni ẹ ó fi béèrè ohun tó bá tọ́ sí yín níbẹ̀, ọ́fíìsì owó orí ibí ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ́rìí pé ẹ ń gbé Nàìjíríà kó tó lọ sọ́dọ̀ HMRC. Amẹ́ríkà kò bá wa ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè wọn tí kò sì ní green card, 30% ni wọ́n sábà máa ń yọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè wọn yóò máa kọ ìwé owó orí Amẹ́ríkà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 59 àtààbọ̀ sì sábà máa ń san 10% mọ́ ọn.

Nípa iye tí Èkó yóò gbà: ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e, 18%. ₦13,000,000 lẹ́yìn ìyẹn, 21%. Òkè ibẹ̀ jẹ́ 23%, ohun tó bá ju ₦50,000,000 lọ sì jẹ́ 25%. Ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦20,000,000 lọ́dún kan yóò san ₦3,630,000. Bó bá pín in sí ọdún méjì, ₦10,000,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ₦1,590,000 ni yóò san lẹ́ẹ̀mejì, ₦3,180,000 lápapọ̀. ₦450,000 ti wà nílẹ̀ nìyẹn, láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọdún owó orí Ìlú Ọba kì í ṣe tiwa: tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, tiwọn ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá gba apá kan ní oṣù Kọkànlá 2026, tó gba ìyókù ní ìparí oṣù Kẹrin 2027, ti pín in sí ọdún méjì ní ibi méjèèjì.

Pẹ́ńṣàn tí ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ń san kì í gòkè mọ́ fún ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà. Kò tọ́ rárá lójú mi, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn àgbà sáré kó owó tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí oníjìbìtì rí ìkánjú yẹn lò. Ẹni tó bá ní òun lè gba pẹ́ńṣàn Ìlú Ọba jáde fún yín kí ẹ tó pé ọdún 55, láìsí àìsàn tó le, ń tì yín sínú gbèsè ni: owó orí rẹ̀ lè dé 55%. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2028, ọdún 57 ni yóò di.

Owó tí ẹ gbà nígbà tí ẹ ṣì ń gbé lọ́hùn-ún, tó ti wà ní báńkì yín kí ẹ tó kó dé, owó ìpamọ́ ni. Ẹ tọ́jú ìwé báńkì tó fi ọjọ́ tó wọlé hàn, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ owó tuntun nínú àkáǹtì domiciliary kan ṣoṣo, torí bó bá dàpọ̀ tán, ẹ ò ní rí ẹ̀rí fi yà wọ́n.

Ìwé tí ẹ ó kó jọ ni lẹ́tà ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn tó ya apá tó ní owó orí sọ́tọ̀, P45 tàbí P60 (ìwé tó fi owó tí wọ́n san fún yín àti owó orí tí wọ́n yọ hàn), èsì HMRC lórí owó tí wọ́n dá padà, ìwé báńkì tó fi iye náírà hàn, àti NIN yín. Orúkọ ló máa ń dá iṣẹ́ dúró jù: ìyá tó fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá fi orúkọ ọkọ gba NIN. Ìwé ìbúra kóòtù àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni kó kó mọ́ ọn.

Orí ẹ̀rọ eTax ti LIRS, àjọ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ẹ ó ti kọ ọ́ bó bá jẹ́ Ìkòròdú ni ẹ ń gbé. Bó bá jẹ́ Ògìjó, tó kàn jẹ́ pé ọjà Sábó ni ẹ ń ná, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni yín, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ lọ. Owó tó wọlé ní 2026, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2027 ni gbèdéke rẹ̀. Ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.