Kí ló ń sọ sí yín lọ́kàn? Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára Aaron Beck

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ọpọlọ, ẹ máa bá ìwé ìbéèrè kan tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn níbẹ̀. Ìbéèrè 21 ló wà nínú rẹ̀. Òdo dé 3 ni máàkì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú dé góńgó lè gba 63. Dókítà Aaron Beck àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e jáde ní 1961. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo dì í mú bí ọmọ ilé kéú ṣe ń di wàláà mú. Mo gbà pé tí mo bá ti ro máàkì pọ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ìyá kan ló là mí lójú. Ata ló ń tà, á ti máa sún mọ́ 60 ọdún. Ó ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn lágbárí òun bí èèrà, oúnjẹ ò sì wọlé mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń túmọ̀ ìbéèrè fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mà, ṣé ẹ ti sọ ìrètí nù nípa ọjọ́ iwájú?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọ̀la mi á dára lágbára Ọlọ́run."

Mo kọ òdo.

"Ṣé ẹ máa ń rò ó pé ẹ ti kùnà láyé?"

"Mo kọ̀ ọ́! Ìkùnà kì í ṣe tèmi."

Òdo. Ká tó dé ìbéèrè kọkànlélógún, mo ti ṣe "àmín" tó ìgbà mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì, kí wọ́n bá a wo ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mátírọ́ọ̀nù wa ka ohun tí mo kọ, kò bú mi. Ó lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ìyá náà. "Ìyá, tí ẹ bá jí láago mẹ́ta òru tí oorun ò wá mọ́, kí ló máa ń sọ sí yín lọ́kàn?" Ìyá náà dákẹ́, ó ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fọhùn. "Mo máa ń rò ó pé tí mi ò bá jí láàárọ̀, ara á tu àwọn ọmọ. Ẹrù ni mo jẹ́ sí wọn lọ́rùn."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì lọ́jọ́ náà. Àṣé ọ̀dọ̀ Beck gan-an ni Mátírọ́ọ̀nù ti kọ́ irú ìbéèrè yẹn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ọkùnrin náà kà nìyẹn.

Ìlú Providence ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1921. Júù tó ṣí wá láti Rọ́ṣíà ni àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ kí wọ́n tó bí i, ìbànújẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára gan-an. (Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, Málọmọ́ ni wọn ì bá sọ ọ́.) Ní kékeré, ó fi apá ṣẹ́, egbò náà kẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí rẹ̀. Látìgbà náà, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà á. Síbẹ̀, iṣẹ́ dókítà náà ló lọ kọ́, ó sì gboyè ní Yale ní 1946.

Ọmọlẹ́yìn Freud, dókítà tó dá ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti ìtúmọ̀ àlá sílẹ̀, ni níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé ìbínú tí èèyàn yí padà sórí ara rẹ̀ ló ń di ìrẹ̀wẹ̀sì. Beck fẹ́ fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀, ló bá ń yẹ àlá àwọn aláìsàn wò. Kò rí ìbínú tó ń wá. Àdánù àti ìjákulẹ̀ ló kún inú àlá wọn. Ẹlòmíì á ti ká ìwé náà pa mọ́. Òun kò ká a pa mọ́, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń ròyìn ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ fún un, ara obìnrin náà ò balẹ̀. Beck ti ní ìtumọ̀ lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló ń dà á láàmú. Nígbà tó wá bi í, obìnrin náà ní òun kàn ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ òun ti sú dókítà ni. Ibẹ̀ ni Beck ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, èyí tí èèyàn ń sọ fún ara rẹ̀ wéré wéré láìfọhùn. Ó rí i pé lára ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì, ọ̀rọ̀ abẹ́nú yìí máa ń pé mẹ́ta: èmi ò wúlò, ayé ò gbè mí, ọ̀la ò ní sàn. Nígbà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Freud ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní bó ṣe ń wá ẹ̀rí kiri yẹn fi hàn pé wọn ò tíì yẹ ọkàn òun alára wò dáadáa! Ó gba ilé lọ, ó ń kọ̀wé. Èyí tí òun àti àwọn mẹ́ta kọ ní 1979 ni àwọn oníṣègùn ṣì fi ń kọ́ ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì títí dòní. Ó pé 100 ọdún kó tó kú ní 2021.

Iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Àwọn èèyàn 207 tó wà nílé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ń ro bí wọ́n á ṣe pa ara wọn ni wọ́n tọpa wọn fún ọdún 5 sí 10, ó sì gbé e jáde ní 1985. Àwọn 14 para wọn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa wọn nígbà tí wọ́n wọlé, kìkì òṣùwọ̀n àìnírètí (ìwé ìbéèrè mìíràn nìyẹn) àti ìbéèrè kejì nínú 21 yẹn, èyí tó dá lórí ìrètí ọjọ́ iwájú, ló ti ń tọ́ka sí i. Ìbéèrè kejì! Òun ni mo kọ òdo sí, nítorí pé ìyá gbàdúrà.

Àdúrà ìyá kì í ṣe irọ́ o. Yorùbá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi, ara ló ń bá a pè é. Ìwádìí tí àwọn dókítà ọpọlọ, Leighton ará Amẹ́ríkà àti Lambo ọmọ Nàìjíríà, ṣe ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀, tó di ìwé ní 1963, rí i pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì kò ṣàjèjì sí àwọn èèyàn wa, bí wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè é. Nítorí náà, orí gbígbóná yẹn àti èèrà tó ń rìn lágbárí yẹn, ìdáhùn ni. Èmi ni mi ò gbọ́.

Dókítà kọ oògùn fún ìyá náà, Mátírọ́ọ̀nù sì fún un níṣẹ́ ilé bí Beck ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ ìyá ò mọ̀wé kọ, ló bá fún un ní agolo mílíìkì kan àti àgbàdo. Ohunkóhun tó bá ṣe nínú ohun tó ti ní òun ò lè ṣe mọ́, kó ju hóró kan sínú agolo. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé agolo dé, a dà á sórí tábìlì, a kà á: 17. Ìyá wò ó, ó fi ìka fa hóró kan sẹ́yìn. Ó ní ìyẹn ò kà, ọmọ òun ló bá òun dáná.