Wíwá àpilẹ̀kọ ìṣègùn ní PubMed: MeSH nìkan ò tó

Bí ẹ bá fi àkọlé MeSH (ọ̀rọ̀ àyànmọ́ tí wọ́n fi ń to àpilẹ̀kọ sí ìsọ̀rí) nìkan wá nǹkan ní PubMed, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn àpilẹ̀kọ tuntun á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, torí wọ́n lè ti débẹ̀ kí wọ́n tó lẹ MeSH mọ́ wọn. Òmíràn ò tiẹ̀ ní in láéláé. Bó bá sì jẹ́ inú àkọlé àti àkékúrú àpilẹ̀kọ nìkan lẹ ti wá ọ̀rọ̀ náà, orúkọ tí òǹkọ̀wé bá lò nìkan lẹ máa bá pàdé. Ẹ pa méjèèjì pọ̀.

Ká ní oògùn hydroxyurea fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) lẹ ń wá:

("Anemia, Sickle Cell"[Mesh] OR "sickle cell"[tiab] OR drepanocyt*[tiab]) AND ("Hydroxyurea"[Mesh] OR hydroxyurea[tiab] OR hydroxycarbamide[tiab])

OR ń kó èyíkéyìí nínú wọn wá, AND ń fẹ́ kí apá méjèèjì wà pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mìíràn fún àrùn náà ni drepanocyt; àmì * ń kó gbogbo ìparí rẹ̀ wá. Oògùn kan náà pẹ̀lú hydroxyurea ni hydroxycarbamide. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀. [Mesh] á kó àwọn ẹ̀ka abẹ́ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, irú bíi Hemoglobin SC Disease. [tiab] ń wo àkọlé àti àkékúrú àpilẹ̀kọ.

Ibi àkámọ́ ( ) gan-an ni wàhálà máa ń wà. Láti òsì sí ọ̀tún ni PubMed ń kà á. Ẹ yọ àkámọ́ yẹn kúrò, gbogbo àpilẹ̀kọ tó bá ti dárúkọ hydroxyurea, títí kan ti jẹjẹrẹ, á ya wọlé.

Ẹ má sì tẹ àsẹ́ "Humans" o, èyí tó ń yọ àpilẹ̀kọ tí kì í ṣe nípa èèyàn kúrò. MeSH ló ń wò, àwọn tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi [tiab] kó wá á tún dànù.