2016: «Ọmọ ta nìyẹn?»

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, ẹ má bínú, mi ò ní ka oṣù lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá ní kí n bojú wẹ̀yìn, alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ni mo ń rí.

Pálọ̀ Àǹtí ní Tottenham, ní London, la jókòó sí. Wọ́n ń fúnni ní ẹ̀bùn Mercury, ti àwo orin tó dára jù lọ lọ́dún ní UK àti Ireland, ní Hammersmith, Blackstar tí David Bowie gbé jáde ní ọjọ́ méjì péré ṣáájú ikú rẹ̀ sì wà lára àwọn àwo tó ń du ú. Èmi ti gbà pé olóògbé ni wọ́n máa fún. Wọ́n bá pe Skepta, ọmọ àdúgbò wa níbí, fún Konnichiwa, àwo tó gbé jáde lábẹ́ Boy Better Know, tí òun àti àbúrò rẹ̀ JME jọ dá sílẹ̀. Ariwo ta. Ìyá àti bàbá rẹ̀ gun orí ìtàgé lọ bá a, àfi bí àwọn òbí tá à ń bá pàdé lóde ìnáwó. Ni Àǹtí bá ní, «Ọmọ ta nìyẹn?»

Ẹ mọ ẹni tó ni ìbéèrè yẹn. Kò sí olórin tó yọ lórí tẹlifíṣọ̀n tí Bàbá kì í bi wá bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló bi wá ní oṣù karùn-ún, nígbà tí Sheku Kanneh-Mason, ọmọ Nottingham, ọmọ ọdún 17, fi cello, gòjé ńlá, ta orin Shostakovich ní Barbican, tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìdíje BBC Young Musician láti 1978 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Bàbá, béèsì (ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin) Abẹ́òkúta, ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọmọ náà fi parí. Ìgbẹ̀yìn tá a jọ wo nǹkan nìyẹn.

Orin grime, irú èyí tí Skepta ń kọ, ariwo ni Bàbá máa ń pè é. Ṣùgbọ́n Adénúgà lorúkọ bàbá Skepta! Ì bá ti béèrè ìlú bàbá wọn.

«Ọmọ Adénúgà ni,» mo dá Àǹtí lóhùn, ohùn mi ò sì jáde dáadáa. Àǹtí dìde, ó lọ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù kaná. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni o! A jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù kẹwàá, Neville Marriner, olùdarí orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, náà lọ, lẹ́ni ọdún 92. Kásẹ́ẹ̀tì Vivaldi tó darí ṣì wà nínú báàgì Bàbá. Mi ò tíì lè gbọ́ ọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa sin Bàbá. Ọmọ Àǹtí ti ń kọ́ cello báyìí, látìgbà tó ti rí Sheku. Okùn mẹ́rin ló ní, mẹ́ta ṣì ń ké bí ewúrẹ́. Lọ́sàn-án Kérésìmesì, kí ìròyìn ikú olórin George Michael tó dé lálẹ́, ó ta ìlà kan nínú orin ìyìn, ó dúró, ó ní kí n bá òun gbé béèsì, ti Bàbá.

Mo gbé e.