Ọjọ́ tí function mi sọ Ẹniọlá di nil

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn function kéékèèké (ìdìpọ̀ àṣẹ tí a fún lórúkọ kí a lè máa pè é) tí a máa ń kọ fún ìrànlọ́wọ́: èyí tó ń tún orúkọ ṣe, èyí tó ń to nọ́ńbà fóònù, èyí tó ń yọ ìparí orúkọ fáìlì. Ìlà márùn-ún, ìlà mẹ́wàá, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni gbogbo dátà yín ń gbà kọjá, bí ọ̀kan bá ṣìnà, gbogbo script tó ń pè é ló máa bá a ṣìnà.

Ọdún kejì tí mo dé Abuja ni mo kọ́ èyí. Kubwa ni mo ń gbé, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Wuse. Wọ́n ní kí n kó orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé láti area council mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ sójú kan: Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti AMAC (Abuja Municipal). Fáìlì Excel ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó tẹ ti Kuje kò sì mọ ẹni tó tẹ ti Bwari. Àlàfo wà níwájú orúkọ kan, àmì tí kò nítumọ̀ wà láàárín òmíràn, àwọn kan fi lẹ́tà ńlá tẹ gbogbo rẹ̀. Mo bá kọ function kan, mo pè é ní clean. Ìlà kan nínú rẹ̀ nìyí:

s = s.encode("ascii", "ignore").decode()

Ohun tí ìlà yìí ń sọ ni pé lẹ́tà yòówù tí kò bá sí nínú ASCII, àkójọ lẹ́tà àti àmì àtijọ́ fún kọ̀ǹpútà, kí Python jù ú nù, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Àmì 128 péré ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ níbẹ̀. Mo fi "Musa Ibrahim" dán an wò, ó dáa. Mo fi "JOHN" dán an wò, ó dáa. Mo gbé e sínú utils.py, fáìlì tí mo ń kó irú àwọn function bẹ́ẹ̀ sí, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá kan wá láti Gwagwalada, ó ní òun kò rí orúkọ ọmọ òun nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹniọlá lọmọ ń jẹ́. Ọ̀gá mi, ọmọ Katsina, ṣí àkọsílẹ̀ náà, ó fọwọ́ sí ìlà kan, ó sì bi mí bóyá orúkọ nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni nil. Mo wo ìsàlẹ̀, Ṣọlá ti di l. Ọmọ Hausa kan tó ń jẹ́ Ɗanladi ti di anladi.

Ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹbí pé jọ sọ ọmọ yẹn lórúkọ, ìlà kan péré ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa, òun ló yọ wá. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí function kankan kọ èsì rẹ̀ lé orí fáìlì àkọ́kọ́ láé.

Kí ló dé tí a kò tètè rí i? Nítorí pé àwọn Ẹniọlá mìíràn jáde bí Eniola, ojú sì ti mọ́ ìyẹn. Nínú Unicode, àkójọ àmì tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò fún onírúurú èdè, lẹ́tà ẹ lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ e tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Èyí àkọ́kọ́ pòórá pátápátá nínú clean, ti èkejì ṣẹ́ ku e. Ọ̀rọ̀ yìí náà ló ń mú kí Bọ́lá kan jọ ọmọ méjì: bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní Kuje yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní Bwari, Python á sì ní wọn kò dọ́gba. unicodedata.normalize("NFC", s) ló ń mú wọn bára mu. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ọ́ ṣì jẹ́ méjì lójú len, èyí tó ń ka iye àmì, torí Unicode kò ní ẹyọ kan fún un. Ẹ má gé orúkọ Yorùbá ní iye lẹ́tà, ẹ lè gé ohùn rẹ̀ dànù. Ẹ sì ṣọ́ra fún title(), èyí tó ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ di ńlá: bí ẹ bá fún un ní bọ́lá, Bọ́Lá ló máa dá padà fún yín, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àmì ohùn.

Mo fọ́ clean sí mẹ́ta: trim_spaces, to_nfc, fix_case. Orúkọ yẹn, clean, wà lára ohun tó ṣì mí lọ́nà. Kò sọ ohun tó ń ṣe, nítorí náà ohun gbogbo ni mo ń kó sí i.

Ti fóònù náà fẹ́ jọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ ẹyọ 11 pẹ̀lú òdo iwájú. Excel máa ń jẹ òdo yẹn, á ku 10. Ẹni tó fi 234 ṣíwájú á ní 13. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ 9 péré bá dé, kí function yín gbé ValueError (ìkéde àṣìṣe ti Python) jáde, kó pariwo. Tèmi máa ń dá àyè òfìfo padà ni, àwọn òbí kan kò sì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wa títí sáà fi parí.

Kí ẹ tó kọ tiyín, ẹ wo ohun tí èdè náà ti ní. Mo máa ń fi rstrip(".csv") yọ ìparí orúkọ fáìlì, bwari_girls.csv sì di bwari_girl, torí lẹ́tà ni rstrip ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í wo odindi ọ̀rọ̀. removesuffix, tó ń yọ odindi ọ̀rọ̀ ìparí, ti wà láti Python 3.9, ọdún 2020. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹni tó kọ left-pad, function tó ń fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀, fún èdè JavaScript yọ ọ́ kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń lo èdè náà ti ń gba kóòdù ara wọn. Ìlà 11 péré ni, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró káàkiri ayé lọ́jọ́ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni JavaScript fúnra rẹ̀ ní padStart, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀kan tó kù: ẹ má kọ def f(x, asise=[]). Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Python ń ṣe àpò [] yẹn, ìgbàkígbà tí ẹ bá pe f, òun kan náà ni yóò lò, àṣìṣe Kuje á sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé Kwali. Ẹ fi None sí ipò [], kí ẹ sì ṣe àpò tuntun nínú function náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, mo yí ọ́fíìsì ká, mo ní kí oníkálukú bá mi tẹ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé. Hausa, Igbo, Tiv, Gbagyi, Yorùbá, gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Mo kó wọn sínú fáìlì àyẹ̀wò, function kankan kì í wọ utils.py mọ́ títí yóò fi gbà wọ́n kọjá láì sọ ẹnikẹ́ni nù. Ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni Ẹniọlá.